Ṣé òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ADP tó ti gboyè jáde kò nílò ẹ̀kọ́ mọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn l'Abẹ́òkúta. Bí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, ìyẹn ADP (Agricultural Development Programme, àjọ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ oko) ti ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí pé wọ́n ń kọ́ àwọn alábòójútó wọn ní iṣẹ́ aṣáájú, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Kí ni wọ́n tún ń kọ́ wọn? Ṣé wọn ò ti kàwé ni?" Ẹlòmíràn á ní owó ni wọ́n fẹ́ pín. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kàn fi ẹni tó mọ iṣẹ́ oko jù ṣe ọ̀gá, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí pé nínú àwọn tó ń sọ ọ́ náà la ti ń rí àwọn tó ń ké pé kẹ́míkà jó àgbàdo àwọn.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó hàn gbangba. Ẹni tó jáde ní yunifásítì ìmọ̀ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Àlàbàtà ní 2010, kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọ níbẹ̀ pé fall armyworm wà lára kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo wa. Ìparí oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nílẹ̀ yìí, ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí. Atrasíìnì tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ọmọ pé kí àgbẹ̀ fín kí koríko tó hù nínú àgbàdo, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Paraquat, kẹ́míkà apakoríko mìíràn, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún kan. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan tuntun látìgbà tó ti gbàwé ẹ̀rí máa fi òótọ́ inú kọ́ àgbẹ̀ ní ohun tí òfin ti kọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ ADP fúnra rẹ̀. Ọdún 1975 ni àwọn ADP àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Fúntúà, Gúsáù àti Gómbè, tí Báńkì Àgbáyé sì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ìlànà Training and Visit (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àbẹ̀wò) tí Daniel Benor, amòye Báńkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ sábúlé ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ 8 lọ́wọ́. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń fi 8 lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan wà fún àbẹ̀wò tó bá yẹ̀. Ọjọ́ kan tó kù, ẹ̀kọ́ ni. Onímọ̀ kan máa wá kọ́ gbogbo wọn ní nǹkan méjì tàbí mẹ́ta péré, ohun tí àgbẹ̀ máa fọwọ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ yẹn náà ń pàdé àwọn olùṣèwádìí lóṣooṣù; fún ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ló ń ṣe kòkáárí rẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà 26 lọ́dún ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kan kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé dáwọ́ dúró láàárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ rọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń rí nínú ìròyìn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú ohun tí iṣẹ́ yẹn dúró lé lórí ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fagi lé e kò mọ̀ pé òun ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa rin ìrìn àbẹ̀wò láìní nǹkan tuntun láti sọ.

Wọ́n á ní, "Ó dáa, ti kòkòrò àti òfin yé wa. Ṣé fínfín kẹ́míkà náà ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ẹni tó ti gboyè?" Àní wọ́n fẹ́ kọ́ ọ. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí kò sí ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti ń ba oko jẹ́ tó o.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kẹ́míkà ni iye tí hẹ́kítà kan máa gbà. Ká ní ó kọ lítà 3 fún hẹ́kítà kan. Àgbẹ̀ wa kì í fi hẹ́kítà ka oko, éékà ló ń kà, hẹ́kítà kan sì jẹ́ éékà méjì ààbọ̀. Bó bá da lítà 3 yẹn sórí éékà kan, lítà 7.5 ló ti dà sórí hẹ́kítà kan. Gbogbo ẹni tó gboyè ló mọ ìṣirò yìí lórí ìwé. Ohun tí ìwé kò lè sọ fún un ni iye tí yóò wà nínú tánkì kan tí àgbẹ̀ yìí gbé kọ́ ẹ̀yìn, torí ìyẹn dúró lórí bí ẹni náà ṣe ń rìn, bó ṣe ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ, àti bí ẹnu ẹ̀rọ náà ṣe gbó tó.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó lórí oko gan-an, kì í ṣe lórí kọnkéré iwájú ọ́fíìsì, torí ẹsẹ̀ kì í yá bákan náà. Omi lásán ni kí ẹ bù sínú ẹ̀rọ, kẹ́míkà kankan ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Kí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí ó fín ilẹ̀ yẹn tán bó ṣe máa ń fín in. Kí ẹ wá fi ife tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára bu omi padà títí yóò fi dé àmì yẹn. Iye tí ẹ bù padà, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye lítà omi tó ń lọ sórí hẹ́kítà kan nìyẹn.

Ká ní lítà 2.4 ni. Ó di lítà 240 fún hẹ́kítà. Bí tánkì bá jẹ́ ti lítà 16, tánkì 15 ni hẹ́kítà kan máa gbà, éékà kan á gba 6. Ẹ pín lítà 3 kẹ́míkà sí ọ̀nà 15: mìlílítà 200 fún tánkì kan. Ó parí, àmọ́ ti ẹni yẹn nìkan ni. Ẹnì kejì tó ń rìn jẹ́jẹ́ lè lo lítà 4 lórí ilẹ̀ kan náà. Tirẹ̀ jẹ́ lítà 400 fún hẹ́kítà, tánkì 25. Bó bá lo mìlílítà 200 tó gbọ́ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́, lítà 5 ló ti fín síbẹ̀ dípò 3. Ẹnì kẹta tó ń sáré lo lítà 1.6, tánkì 10 péré ló kárí hẹ́kítà rẹ̀, ó wá di lítà 2. Koríko rẹ̀ rọ, ó tún dìde, ó wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kẹ́míkà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n sì gbà.

Ẹnu ẹ̀rọ náà ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá tí wọ́n bá ń fi abẹ́rẹ́ tú u nígbà tó bá dí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Nítorí náà iye tí wọ́n wọ̀n ní èṣí kò wúlò lọ́dún yìí, ibẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ tí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n máa sọ fún àgbẹ̀ ní Òdẹ̀dá tàbí Ọ̀pẹjì pé "ẹ bu ìdérí méjì sí tánkì". Ìdérí ìgò wo? Tánkì lítà mélòó? Ẹsẹ̀ ta ni?

Ní ti aṣáájú. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó máa ṣe alábòójútó. Alábòójútó kan máa ń ní òṣìṣẹ́ bíi 6 sí 8 lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe fínfín. Akọni tó mọṣẹ́ gan-an yìí ló sábà máa ń já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àgbẹ̀, á fín in dáadáa, àwọn àgbẹ̀ á yìn ín, òṣìṣẹ́ náà ò ní mọ ohunkóhun ju bó ṣe dé lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ alábòójútó ni kí ó kawọ́ sẹ́yìn, kí ó máa wò. Kí ó lọ bá àgbẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀, kí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe ń bu kẹ́míkà yín hàn mí." Ohun tó bá rí ni ìròyìn, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àbẹ̀wò. Bí àṣìṣe bá wà, kí ó má bá òṣìṣẹ́ wí lójú àgbẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹni yẹn tún máa padà wá kọ́ wọn.

Ẹ tún wo ọmọ ọdún 26 tí wọ́n ní kó lọ tọ́ bàbá ẹni 65 sọ́nà lórí oko tó ti ń ro kí wọ́n tó bí i. Kò lè dìde dúró ní "ẹ ò ṣe é dáadáa." Wọ́n ń kọ́ ọ pé kí ó kúnlẹ̀ kí wọn, kí ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi omi lásán dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i," kí ó sì jẹ́ kí bàbá fọwọ́ ara wọn bu omi tó kù. Bàbá á rí i fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ti kíláàsì ìmọ̀ ilẹ̀ wá. Bákan náà ni yíyan àgbẹ̀ tí wọ́n máa fi oko rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: òṣìṣẹ́ tí wọn kò kọ́ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù, àwọn tó kù á wò ó, wọ́n á ní owó ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mo rò pé iyèméjì tọ́ sí i. Bákan náà ni èyí tí wọ́n ṣe tán tí wọn ò fún òṣìṣẹ́ ní epo ọ̀kadà láti dé abúlé. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní kí òṣìṣẹ́ kan má ju àgbẹ̀ 800 sí 1,000 lọ. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń ru ìlọ́po mélòó kan ìyẹn, bóyá ẹ̀kọ́ nìkan lè tún un ṣe, ó ṣòroó sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣàròyé ti rí irú àwọn ìpàdé báyìí, kí ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí. Ohun tí mi ò gbà ni pé oyè tí ẹnì kan gbà ní 2010 lè dípò rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá tún jáde, ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wọn, bóyá wọ́n dé orí oko, àti ìgbà tí ẹnì kan máa tọ̀ wọ́n lọ láti wò bóyá wọ́n ń ṣe é.

Kí àsìkò òjò tó dé, ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Ibi tí òṣìṣẹ́ ADP kò bá dé, ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún yín ní Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀ ló ń di olùkọ́ yín, èrè rẹ̀ sì wà nínú iye ìgò tí ẹ bá rà. Bó bá sọ fún yín pé ìgò kan fún éékà kan, ẹ ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sí yín létí, kí ẹ wo bóyá hẹ́kítà ni. Bó bá gbé paraquat tàbí atrasíìnì tó ṣẹ́ kù nílé wá pé owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ má gbà á. Ìgò tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, tàbí tí wọ́n ti bù sínú ike omi, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ sì fi omi lásán wọn ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ máa rà.