Nútírà Ọkọ̀ Ọtọmátíìkì: Ibi Tí Ó Wúlò àti Ibi Tí Kò Wúlò

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lára pé bí wọ́n bá ti gorí òkè tán, tí ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, wọn a ti ọ̀pá jíà láti D, ìyẹn jíà ìwájú, sí N, ìyẹn nútírà, wọn a sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Èrò wọn ni pé àwọn ń ṣọ́ epo ná. Ní ọ̀nà Ìwàrájà sí Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè àti kọ́nà ti ń tẹ̀lé ara wọn, èrò yìí lè náni ní ju owó epo lọ. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí kabúrétọ̀ ń bẹ lóde, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tí íńjẹ́tọ̀ ń fọ́n epo fún, òdì kejì rẹ̀ ni òótọ́.

Bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, nígbà tí jíà ṣì wà ní D, táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ ti kúrò lórí iná, ó sì rí i pé ẹ́ńjìnì ṣì ń yí kíkankíkan, nítorí náà ó dá àwọn íńjẹ́tọ̀ dúró pátápátá. Ẹ́ńjìnì ń yí, kò sì mu ẹ̀kán epo kan. Ìgbà tí ìyípo rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 1,000 sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan ni epo tó tún padà, kí ẹ́ńjìnì má baà kú. Bí a bá ti jíà sí N ńkọ́? Okùn tó wà láàárín táyà àti ẹ́ńjìnì ti já nìyẹn, ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ máa mu epo kó tó lè wà láàyè: nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnì náà bá kéré.

Ẹ wo ẹni tó ń ti ọmọlanke sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Bí ó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹrù ni ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò lo agbára kankan láti tì í, gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń gbún ilẹ̀ sì ń fa ọmọlanke náà sẹ́yìn. Bí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọlanke a sá lọ, òun náà a sì dúró lójú kan, ebi a ṣì máa pa á.

Mo gbà pé níbi tí ọ̀nà bá dà díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ tó wà ní N a máa yí jìnnà ju èyí tó wà ní D lọ, ohun tó sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyí. Lórí òkè gidi, ohun tó jìnnà náà ni a ó fi bíréèkì dá dúró. Bíréèkì nìkan ni yóò ru ẹrù tí ẹ́ńjìnì ì bá bá a ru, yóò gbóná, bí ó bá sì gbóná jù, awakọ̀ a máa tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò ní fẹ́ dúró.

Ibi tí nútírà ti gba ẹ̀mí là ni ìgbà tí iná bá há. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, nítòsí San Diego ní Amẹ́ríkà, kápẹ́ẹ̀tì há pẹ́dà iná ọkọ̀ Lexus kan mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, N ni kí ọwọ́ lọ sí, kí ẹsẹ̀ sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí pé títẹ̀ ẹ́ léraléra nígbà tí iná ṣì wà nílẹ̀ yóò gba agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ tán. Ẹ́ńjìnì yóò ké tantan. Ẹ jẹ́ kó ké. Kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí ìyípo rẹ̀ kọjá ààlà. Kí ọkọ̀ dúró tán kí a tó pa á, torí pé bí ẹ́ńjìnì bá kú lórí eré, ọwọ́ ìtukọ̀ a le, bíréèkì náà a sì le.

Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀pá jíà fún irú wákàtí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀pá tó ní bọ́tìnnì, a kì í tẹ bọ́tìnnì kí a tó lọ láti D sí N. Ẹ̀rù lè ba ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ìtì kan síwájú ti tó. Ọ̀pá náà yóò sì dúró síbẹ̀, nítorí kò lè wọ R, ìyẹn jíà ẹ̀yìn, láìsí bọ́tìnnì. Ètò yìí kò wà láti ìbẹ̀rẹ̀: Hydra-Matic, gíábọ́kìsì ọtọmátíìkì tí General Motors gbé jáde ní 1939, to tirẹ̀ débi pé jíà ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ìwájú gan-an. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé N gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó sọ jíà di bọ́tìnnì lásán tàbí ohun tí a ń yí bíi ti rédíò kò ṣe wá lóore, nítorí pé ojú gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà kí ọwọ́ tó rí N.

Ní ti iná ojú pópó, D pẹ̀lú bíréèkì kò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gígùn lè lo N, kó ṣáà rí i pé òun kò tẹná kí jíà tó wọ D padà.

Wíwọ́ ọkọ̀ tó ti kú ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ó bá ti wà ní N, kò séwu. Ẹ́ńjìnì ni ó ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì káàkiri inú gíábọ́kìsì; bí ẹ́ńjìnì bá kú, tí táyà sì ń yí, irin ń lọ irin láìsí ọ́ìlì tuntun. Kí wọ́n gbé táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.