Ìrònú Nìkan Kọ́ Ló Ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn ládùúgbò kan l'Abẹ́òkúta, wọn kì í tíì gbé e dé ọsibítù tí ẹjọ́ á ti parí. "Ó ń ronú jù ni." Kíá, wọ́n á ti ka ohun tó ń rò: ọkọ tó gbé ìyàwó tuntun wọlé, ọmọ tó gba Líbíyà lọ tí kò pè mọ́, owó àjọ tó há sọ́wọ́ alájọ. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí ibi tó ń ṣe kò mọ sórí ẹni tó ti ṣubú. Bó bá jẹ́ pé ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, a jẹ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sídìí tó fi máa lọ yẹ ara wò.

Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ ní Ìtòkú nígbà kan, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ fún àwọn aládìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ká àdìrẹ rẹ̀ jọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì kékeré kan kúnlẹ̀ tì í: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo tiyín náà." Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ò ronú nǹkan kan. Àwọn ọmọ mi ti jáde ìwé, bàbá wọn ò yọ mí lẹ́nu. Kí ni BP fẹ́ wá ṣe lára mi?" Ẹni tí wọ́n jọ ń lo ìsọ̀ ló bá wọn bẹ̀ ẹ́ kó tó na apá. Ẹ̀rọ náà fún un lápá, ó tú u sílẹ̀, ó gbé 178/104 jáde. Màmá ní ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n tún un wọ̀n, òǹkà náà ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Orí ò fọ́ ọ, òòyì ò kọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń dán.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ti ń sọ. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ti ru nìyẹn. Ọjọ́ orí, iyọ̀, ọtí, ìsanrajù, àjogúnbá àti kíndìnrín tó ń ṣàìsàn wà lára ohun tó ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé bílíọ̀nù 1.28 àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 30 sí 79 ló ní in, nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sì mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni pé àwọn tó ń bẹ èèyàn pé "má ronú" kò purọ́ tán. Ìbẹ̀rù, ìbínú tàbí ìròyìn burúkú máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè lóòótọ́. Ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline jáde, àyà á máa lù kì-kì-kì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á súnkì, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan á sì ga. Ẹni tó sáré gun Olúmọ náà á rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wàhálà náà bá kọjá, ó máa ń padà sáyè rẹ̀. Èyí tó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́ ni èyí tó dúró sókè láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ apá èèyàn fún wákàtí 24, tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń sùn lọ́wọ́. Lójú oorun, ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan wà tí tiwọn kì í wálẹ̀ rárá. Kí ni ẹni tó ń hanrun ń rò?

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn gan-an, ẹ̀rí tó lágbára jù tó lè gbé wá ni ti àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kan ní Ítálì. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Timio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé sísítà 144 tó ya ara wọn sọ́tọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún 20 ọdún, wọ́n sì fi wọ́n wé obìnrin 138 tó ń gbé láàárín ìlú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú ń ga bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ti àwọn sísítà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ kò sì yàtọ̀ síra. Ẹ̀rí tó ní láárí ni, n kò fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sísítà wọ̀nyí kò bímọ, wọn kò lé ọkọ̀, wọn kò sá kiri ọjà. Èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà? Lọ́dún 1988 yẹn kan náà ni àbájáde ìwádìí mìíràn jáde, tí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 32, títí kan àwọn Yanomami nínú igbó Bràsíl. Àwọn wọ̀nyí kì í gbé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Abúlé máa ń kógun ja abúlé láàárín wọn. Síbẹ̀, ìpíndọ́gba ẹ̀jẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 95/61 lọ, wọn ò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú oúnjẹ wọn. Wọn kì í sanra, ọtí ò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà n kò ní sọ pé iyọ̀ nìkan ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀tá nìkan tó láti fa àìsàn yìí, ó yẹ kó ti mú wọn.

Bóyá ìrònú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ìpín tirẹ̀; n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní. Ibi tí mo ti rí agbára rẹ̀ kedere ni ohun tó ń mú wa ṣe. Ẹni tí àròkàn ń dà láàmú kì í rí oorun sùn, ó lè fi paraga pàrònú rẹ́, ó lè gbàgbé oògùn. Ẹni tó sì ti gbà pé ìrònú ló fa àìsàn òun, bí wàhálà rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, oògùn ló máa kọ́kọ́ jù nù. Bàbá kan ní Lafẹ́nwá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́. Ó ní òun ò ní ohun tóun ń rò mọ́. Oògùn tó ń lò ló ń mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ látọjọ́ yìí, iṣẹ́ ọmọ kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé, ó ti padà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà, ì báà jẹ́ pé ayọ̀ kún inú yín bámúbámú. Ẹ má sì fi "má ronú" ṣe ìtọ́jú fún opó tàbí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, kó má baà gbà pé òun lòun fọwọ́ ara òun fa àìsàn. Ìbànújẹ́ tó wúwo ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ìlú wa níbí ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Aro lọ́dún 1954, táwọn aláìsàn ń bá mọ̀lẹ́bí wọn gbé láwọn abúlé àyíká bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Kí ẹni tí ìrònú ń bá jà lọ síbẹ̀, kó sì tún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì lógbọọgba àyà, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kọ òǹkà náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde.