Afọ́mọlọ́mú ni, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin

Ọmọ kan gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n ní kí ó fa ilà sí abẹ́ orúkọ àwọn ẹranko tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mammal, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ sì ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un sí “ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin”. Ọmọ náà ka ẹsẹ̀ alángbá, ó pé mẹ́rin, ó fa ilà sí i. Ó ka ẹsẹ̀ àdán, kò rí ju méjì lọ, ó fò ó. Olùkọ́ fi àmì àṣìṣe sí méjèèjì. Mo wo ìwé náà títí, mo sì rí i pé ọmọ kò jẹ̀bi, nítorí ohun tí ìtumọ̀ ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe.

Afọ́mọlọ́mú ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá a, ṣùgbọ́n mo ṣe tán láti gbèjà rẹ̀. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá, láti ara mamma, èyí tí í ṣe ọmú. Carl Linnaeus, ará Swídìn tí ó to àwọn ẹ̀dá sí ẹgbẹẹgbẹ́, ni ó fún ẹgbẹ́ yìí ní orúkọ náà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀ ní 1735, Quadrupedia ni ó pè wọ́n, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọmọ yẹn ṣe pè é. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀dà kẹwàá ní 1758, ó ti rí i pé kíka ẹsẹ̀ kò tó, ó ju orúkọ náà nù, ó sì fi Mammalia rọ́pò rẹ̀. Nínú ẹ̀dà yìí kan náà ni ó ti yọ àbùùbùtán kúrò láàárín ẹja. Orúkọ tí ẹni tí ó ni í ti kọ̀ sílẹ̀ láti 1758 ni àwa ṣì ń tẹ̀ sínú ìwé fún àwọn ọmọ wa.

Àwọn kan ní kí a kúkú máa kọ “màmáàlì”, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. N kò lòdì sí yíyá ọ̀rọ̀. A yá kọ̀ǹpútà, a yá íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ohun náà àti orúkọ rẹ̀ jọ dé ni. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò bá kọ̀ǹpútà dé, ọmọ rẹ̀ sì ti ń mu ọmú kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ní afọ́mọlọ́mú ti gùn jù. Kí wọ́n ka sílébù rẹ̀, márùn-ún ni, bí ti àbùùbùtán gẹ́lẹ́, n kò sì tíì gbọ́ kí ahọ́n ẹnikẹ́ni kọ́ lórí àbùùbùtán.

Àwọn tí ó ń kọ “ọlọ́mú” ni ó bí mi nínú jù, nítorí wọ́n sún mọ́ òótọ́, wọn kò sì dúró kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí a bá ní kí ọlọ́mú dá ọmú ìyá rẹ̀ gbé, ta ni ọlọ́mú? Ọmọ tí ó ń mu ún ni, kì í ṣe ìyá. Ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ènìyàn ní ni “oní” máa ń sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ìyá ń ṣe ni a fi mọ ẹgbẹ́ yìí: ó ń fún ọmọ ní ọmú, ó ń fọ́mọ lọ́mú, afọ́mọlọ́mú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe sọ ejò, alángbá àti ọ̀nì ní afàyàfà, láti ara bí wọ́n ṣe ń rìn, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó bí reptile pàápàá kò sì sọ ju wíwọ́ nílẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé akọ kì í fún ọmọ lọ́mú, kí ó rántí pé àkùkọ kì í yé ẹyin, ẹyẹ sì ni.

Àbá méjì mìíràn wà tí kò gba àkókò. “Onírun” ṣubú níwájú akika, tí ìpẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, síbẹ̀ tí ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. “Abìmọ” ṣubú níwájú paramọ́lẹ̀, tí ń bí ọmọ rẹ̀ láàyè, tí kì í sì í fi nǹkan kan bọ́ ọ.

Kí wá ni ọmú ṣe tí ó fi lè dá ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀? Ẹyin dà bí oúnjẹ tí a dì fún arìnrìn-àjò. Gbogbo ohun tí ọmọ yóò jẹ títí yóò fi jáde ni ìyá ti dì sínú èèpo, tí ó sì dé e pa. Bí ó bá ti tán, ó di kí ọmọ wá tirẹ̀ kiri tàbí kí òbí fi ẹnu gbé e wá. Ọmú dà bí ilé ìdáná tí ń bá ọmọ rìn. Koríko ni ó gba ẹnu màlúù wọlé, ohun tí ó sì dé ẹnu ọmọ rẹ̀ ni oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí kò béèrè eyín. Ẹnì kan lè sọ pé ẹyẹlé náà ń pọ ohun kan bíi wàrà láti inú àpò ọ̀fun rẹ̀ sí ẹnu ọmọ. Òótọ́ ni, akọ àti abo ni ó sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmú, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi gba “oníwàrà”.

Ìwé tí ó ba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ báyìí kò dá ẹ̀yà ara sí. Ó kọ “ẹsẹ̀” síwájú hoof, bí ẹni pé a kò ní pátákò, èyí tí ó là sí méjì lára ewúrẹ́ tí ó sì jẹ́ ẹyọ kan lára ẹṣin. Ó kọ “ẹnu” síwájú beak, nígbà tí àgógó wà. Ó pe ọwọ́jà erin ní “imú gígùn”. Ẹni tí ó bá ti wo ọmọ erin níbi tí ó ti ń mu ọmú yóò mọ ìdí tí orúkọ fi dára: àárín ẹsẹ̀ iwájú ni ọmú ìyá rẹ̀ wà, ọmọ á ká ọwọ́jà sókè kúrò lọ́nà, á sì fi ẹnu mu ún. Ní ti claw àti talon, èékánná ni méjèèjì, n kò rí ìdí tí a ó fi pín in.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti ríran ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní arm fún ènìyàn, ó ní wing fún ẹyẹ. Apá ni àwa ń pe méjèèjì. Ẹ tú egungun wọn wò: ọ̀kan ní òkè, méjì ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́ àti ìka. Apá ni àdán fi ń fò, kò ní ìyẹ́ kankan lára; awọ ni ó nà láàárín ìka rẹ̀ gígùn mẹ́rin, àtàǹpàkò nìkan ni ó yọ síta. Lẹbẹ ìhà àbùùbùtán náà, ìka ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a ti lè dá ẹjọ́ àjàò, tí wọ́n ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ: ọ̀dọ̀ eku ni kí ó lọ, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú.

Èyí tí àwọn alátakò mi fẹ́ràn jù ni platypus ti ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó ń yé ẹyin, àgógó rẹ̀ dà bí ti pẹ́pẹ́yẹ, kò sì ní orí ọmú rárá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ti já síbẹ̀. Kò já, “ọlọ́mú” ni ó já. Nígbà tí a bá ní ọmọ ń mu ọmú, ohun tí ó ń mu kì í ṣe ẹran ara ìyá rẹ̀, ohun tí ń ṣàn jáde níbẹ̀ ni, ọmú sì ni a ń pe òun náà. Lára platypus, inú awọ ikùn ni ó ti ń sun jáde, tí ó ń rin irun ibẹ̀ gbìndìn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ẹyin jáde, tí ojú rẹ̀ kò tíì là, á wọ́ dé ibẹ̀, á sì máa lá a. Ìyá rẹ̀ ti fọ́mọ lọ́mú.