Sójà àti Ìbọn Tara Rẹ̀ Lábẹ́ Òfin

Aṣọ ológun kì í ṣe ìwé àṣẹ ìbọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sójà ọmọ Èkìtì ti ń kó sí wàhálà bí wọ́n bá wálé fún ìsinmi tàbí tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìbọn tí wọ́n fún sójà níbi iṣẹ́, ti ìjọba ni. Bó bá ń gbà á ní àmọ́rì, ìyẹn yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí, wọ́n á kọ nọ́ńbà tó wà lára ìbọn náà sílẹ̀, wọ́n á ka ọta lé e lọ́wọ́, á fọwọ́ sí i. Bó bá ń dá a padà, nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n á yẹ̀ wò, wọ́n á sì tún ọta kà. Èyí tó fowó ara rẹ̀ rà tàbí tó jogún, abẹ́ Òfin Ìbọn ọdún 1959 ló wà, bíi ti àgbẹ̀ àti olùkọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin yìí pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ogun oní-7.62mm, àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo. Ààrẹ nìkan ló lè fàṣẹ sí ìwọ̀nyí. Ọ̀gá sójà tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí láìgba àṣẹ yẹn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 10, bó ti wù kí oyè rẹ̀ ga tó.

Ìkejì ni ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà ló sì ń fàṣẹ sí i. Ẹ fara balẹ̀ níbí o. Dọ́bù-bárẹ̀lì, tí à ń ṣẹ́ ní ìdí kí a tó fọwọ́ ki kátíríìjì méjì bọ̀ ọ́, wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yọ gbogbo èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta kúrò. Pọ́ńpù, tí à ń fà sẹ́yìn tì síwájú kí ọta mìíràn tó wọlé, bọ́ sínú èyí tí wọ́n yọ. Àwọn tó ń rà á ń pè é ní ìbọn ọdẹ. Òfin ò pè é bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ti ẹnu ki ẹ̀tù àti ọta sí, Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń fún ni láṣẹ tirẹ̀, ìyẹn ní Adó-Èkìtì. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tí orí rẹ̀ kò pé, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Ogún ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí bàbá ọdẹ bá kú ní Ìjerò tàbí Ọ̀mùò, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò kan ọmọ. Ọmọ tó jẹ́ sójà kò gbọdọ̀ já ṣakabùlà lára ògiri kó gbé e lọ sí bárékè. Ẹ̀tù lè ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ọdẹ tó mọṣẹ́ yọ fìlà iná rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, kó ki ọ̀pá irin bọ ẹnu rẹ̀, kó sì fi ọ̀pá náà wọn ìta agolo ìbọn, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde: bí ọ̀pá bá dúró kó tó dé ìdí, wọ́n ti kì í. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí ọmọ sì kọ̀wé béèrè àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ síṣẹ́ ní Màídúgùrì lẹ́yìn tó gbàṣẹ, kò gbọdọ̀ fi ìbọn náà sọ́wọ́ àbúrò nílé, nítorí orúkọ àbúrò kò sí nínú ìwé.