Bọ́sítà Kì Í Ṣe Bọ́dìn

"Lọ́yà, ẹ bá wa ṣe é kí wọ́n gba ọmọkùnrin yìí sí Bọ́sítà Ganmọ." Òbí tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi ní Ìlọrin kò lóǹkà. Ẹlòmíràn á ti di ọṣẹ ìfọṣọ, bẹ́díṣíìtì àti sálúbàtà ọmọ sínú báàgì. Màá ní kí wọ́n jókòó ná.

Bọ́sítà ni ibi tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi mọ́ láti tún ìwà wọn ṣe. Mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ ní: Kàdúná, Abẹ́òkúta àti ti Ganmọ níbí. Abúlé kan tó ń jẹ́ Borstal, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó jí búrẹ́dì àti ògbólógbòó fọ́léfọ́lé lè jọ wà lẹ́wọ̀n kan náà, kí ọmọ sì kọ́ṣẹ́ olè jáde. Evelyn Ruggles-Brise, ọ̀gá àwọn wọ́dà, lọ wo bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é ní ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní Elmira. Nígbà tó dé, ó ya àwọn ọ̀dọ́ sọ́tọ̀. Òfin fọwọ́ sí i ní 1908.

Ìtàn 1930 ló wù mí jù. Àwọn ọmọ Bọ́sítà kan àti òṣìṣẹ́ wọn fẹsẹ̀ rìn láti Feltham, lẹ́bàá London, dé Lowdham ní Nottinghamshire, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ibi tí wọn yóò máa gbé. Kò sí odi kankan níbẹ̀. Ta ló jẹ́ dán irú ẹ̀ wò lónìí? Àmọ́ bọ́dún ti ń gorí ọdún, púpọ̀ àwọn tó ń jáde ló tún ń padà sídìí ìwàkiwà, ni Gẹ̀ẹ́sì bá fòfin pa Bọ́sítà rẹ́ ní 1982.

Àwa ṣì ń lò ó. Ẹni tó ti pé ọdún 16 tí kò tíì pé 21 ni òfin wa ti 1960 wà fún, ìyẹn bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tó tó ẹ̀wọ̀n. Kò gbọdọ̀ lò ju ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwé wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, àwọn kan ń tibẹ̀ ṣe WAEC. Ṣùgbọ́n wọ́dà ló ń ṣọ́ wọn.

Sísá níléèwé, àìwálé sùn, yíyájú sí bàbá: èwo nínú wọn ni ẹ̀ṣẹ̀ ilé-ẹjọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ti mú un lóòótọ́, ẹ yára mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dé àgọ́. Mo ti rí ọmọ ọdún 17 tí wọ́n kọ 22 sílẹ̀ fún. Ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà ló bá ara rẹ̀.