Bí ìtàn pípa ṣe ń gbé eré Dhaka Theatre ró

Ìrùkẹ̀rẹ̀ lojú máa kọ́kọ́ bá. Gayen, ẹni tó ń lé orin nínú pala, eré olórin tí wọ́n fi ń pìtàn ní àwọn abúlé Bẹ̀ǹgálì, ló ń mú un dání; chamor ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ṣaworo wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìborùn rọ̀ sí i léjìká. Kò sí pèpéle gíga, kò sí aṣọ ìkélé. Òǹwòran jókòó yí agbo ká, àwọn dohar, ìyẹn ẹlégbè, sì wà nítòsí pẹ̀lú ìlù.

Gayen á máa pìtàn lọ pé ọba dìde, inú ń bí i. Kó tó parí ọ̀rọ̀, òun gan-an ti di ọba, ohùn rẹ̀ ti le. Ó fa ìborùn bo orí, ó di olorì tó ń sunkún. Dohar kan bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀, ó tún padà di apìtàn. Kò pààrọ̀ aṣọ, kò kúrò lójú agbo. Orin àti ijó ló ń gbé e láti ara ẹnì kan bọ́ sí ti èkejì.

Àmọ́ ní 1795, Gerasim Lebedeff, ará Rọ́ṣíà, gbé eré lédè Bẹ̀ǹgálì sórí pèpéle irú ti Yúróòpù ní Calcutta, ìlú ńlá kan ní Íńdíà. Irú pèpéle bẹ́ẹ̀ ló wá gbilẹ̀ nígboro.

Ọdún 1973, ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira Bàǹgíládéṣì, ni wọ́n dá Dhaka Theatre, ẹgbẹ́ òṣèré kan níbẹ̀, sílẹ̀. Selim Al Deen ń kọ eré, Nasiruddin Yousuff ń darí rẹ̀. Nígbà tó yá, Selim kọ̀ láti ya ìtàn pípa kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Òṣèré lè pe ara rẹ̀ ní "ó", kó tó mí ó ti di "mo". Iṣẹ́ gayen wá di àpínṣe láàárín àwọn òṣèré. Ìwé eré àti iná mànàmáná ló jẹ́ ti òde òní nínú eré wọn. Ẹgbẹ́ tó bá kó ìlù àti aṣọ abúlé wá, tó fi ìtàn pípa sílẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ló kó wá. Ìdí nìyẹn tí òṣèré irú eré yìí fi gbọ́dọ̀ mọ orin, kó mọ ijó, kó sì mọ ìtàn pa.

Ẹ wo Chaka, eré tí Selim kọ, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí onímàlúù kan fi kẹ̀kẹ́ gbé òkú ẹni tí a kò mọ̀ lọ sílé, abúlé kankan kò sì gbà á. Pèpéle wo ló fẹ́ gba màlúù, òkú àti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Nínú irú eré yìí, ẹnu apìtàn ló ń la ọ̀nà náà. Bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ ni òǹwòran ń gbọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ké lórí iyẹ̀pẹ̀.