Adé tí a fọwọ́ ara ẹni ṣe: ìwé-ẹ̀rí ààbò fún sáfà àbẹ́lé

Ọba tó bá ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá máa ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ pé ibẹ̀ ni adé òun ti ṣẹ̀ wá. Ọwá Obòkun ti Iléṣà kò yàtọ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé tó sin ìlẹ̀kẹ̀ adé fúnra rẹ̀, adé náà lè bá a lórí mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ta ni yóò kí i ní kábíyèsí? Bí ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) buwọ́ lù fúnra rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nígbà tí bráúsà bíi Chrome tàbí Firefox bá fẹ́ ṣí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, sáfà á kọ́kọ́ na ìwé-ẹ̀rí sí i. Orúkọ sáfà wà níbẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, àti ìbuwọ́lù ẹlẹ́rìí. Bráúsà ní àkọsílẹ̀ àwọn ẹlẹ́rìí tó gbà gbọ́. Bí kò bá rí ẹni tó buwọ́ lùwé náà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, á figbe ta; ti Chrome ni NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò pamọ́ o. Ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ lórí Wi-Fi kò ní rí páásíwọ̀ọ̀dù kankan kà. Ẹ̀rí pé sáfà tí a rò la ń bá sọ̀rọ̀ ni kò sí. Àwọn ẹlẹ́rìí ńlá inú àkọsílẹ̀ náà pàápàá, ara wọn ni wọ́n buwọ́ lù; Ifẹ̀ kò gba adé tirẹ̀ lọ́wọ́ ìlú mìíràn. Pé gbogbo ayé ti gbà wọ́n ló mú wọn yàtọ̀.

Ìkànnì tó wà níta fún gbogbo ènìyàn kò nílò èyí rárá, torí Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í fún orúkọ àbẹ́lé bíi esi.lan, tàbí àdírẹ́sì bíi 192.168.1.10. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lágere ní kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì ìdánwò, tí àwọn olùkọ́ nìkan ń wọ̀ láti orí Wi-Fi ọgbà: ibẹ̀ ni afọwọ́ṣe ti wúlò. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe é, lórí OpenSSL (ètò tí a fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí) 1.1.1 sókè:

openssl req -x509 -newkey rsa:2048 -nodes -sha256 -days 365 -keyout esi.key -out esi.crt -subj "/C=NG/ST=Osun/L=Ile-Ife/CN=esi.lan" -addext "subjectAltName=DNS:esi.lan,IP:192.168.1.10"

Fáìlì méjì ni yóò jáde. esi.crt ni ìwé-ẹ̀rí, kò sí ẹni tí kò lè rí i. esi.key ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Chmod 600 ni kí a fi tì í, kí ẹni tó ni fáìlì náà nìkan lè kà á, a kì í sì í fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ ọ̀gá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fo subjectAltName, àyè tí a ń to orúkọ àti àdírẹ́sì sáfà sí, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Láti Chrome 58, ní 2017, bráúsà náà kò wo CN (Common Name, àyè orúkọ ti àtijọ́) mọ́. Bí orúkọ tí olùkọ́ tẹ̀ kò bá sí nínú subjectAltName, NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID ni yóò rí, bí CN tilẹ̀ tọ̀nà. Orúkọ àti nọ́ńbà àdírẹ́sì ni kí a kọ síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀.

-nodes ni pé kí kọ́kọ́rọ́ má ní páásíwọ̀ọ̀dù. Bí iná bá lọ tó sì dé lóru, sáfà gbọ́dọ̀ lè dìde fúnra rẹ̀; bí kọ́kọ́rọ́ bá ní páásíwọ̀ọ̀dù, yóò dúró síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wá tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbàgbé -days, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ìwé náà máa lò. Ẹni tó sì kọ 3650 kí ó lè sinmi, iPhone kò ní gbà á: ọjọ́ 825 ni òpin tí Apple fi lélẹ̀.

Nínú ètò Nginx, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde lórí sáfà, ìlà mẹ́ta ló ṣe kókó:

listen 443 ssl;
ssl_certificate /etc/nginx/ssl/esi.crt;
ssl_certificate_key /etc/nginx/ssl/esi.key;

Kí a tẹ nginx -t ná, láti yẹ ètò náà wò, kí a tó ṣe systemctl reload nginx. Bí ó bá ní "key values mismatch", kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe ọmọ ìyá: a ti tún àṣẹ náà ṣe, a sì gbé ọ̀kan nínú fáìlì tuntun síbẹ̀, a fi èkejì sílẹ̀.

Ó wá ku kí àwọn kọ̀ǹpútà gba adé náà. Fáìlì .crt nìkan la ń gbé kiri, orí fílàṣì ló dára jù. Lórí Windows, inú Trusted Root Certification Authorities ni yóò wọ̀. Lórí Ubuntu, a dà á sí /usr/local/share/ca-certificates/, a sì tẹ update-ca-certificates. Curl, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí àdírẹ́sì láti ojú àṣẹ, á gbà, ṣùgbọ́n Chrome orí Linux ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nínú ètò rẹ̀ la ti ń fi í sí i. Kíkọ́ àwọn olùkọ́ láti máa tẹ "Proceed" lójoojúmọ́ kò dáa rárá, torí ọjọ́ tí olè bá gbé sáfà ayédèrú kalẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bákan náà.

Ìṣòro kan tún wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ìwé-ẹ̀rí. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà olùkọ́ kan bá kú, tí iná sì lọ, aago rẹ̀ lè padà sí ọdún tó ti kọjá. Bráúsà á ní ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, NET::ERR_CERT_DATE_INVALID. Kí a wo aago kí a tó tún ìwé-ẹ̀rí ṣe. CR2032 ni bátìrì náà sábà máa ń jẹ́.